Iṣan Tí Tabitha Fi Ìpẹ́ Ẹja Hun

Láti ìgbà tí bóòtù ti kúrò ní èbúté Igbókòdá ni Tabitha ti gbé fúláàsì náà lé itan, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Lawrence tó ń wa bóòtù ní kó kì í bọ abẹ́ ìjókòó níbi tí omi kò ti ní ta sí i, ó ní rárá. Obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì dání béèrè bóyá ọbẹ̀ gbígbóná ló wà níbẹ̀. Tabitha rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kì í ṣe ọbẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀ o," ni Lawrence pariwo láti ẹ̀yìn, kí ohùn rẹ̀ lè borí ti ẹ́ńjìnnì. "Ẹsẹ̀ ìyá ẹ̀ ló gbé dání yẹn. Gbogbo ará ìlú Zion Pepe ló ti gbọ́. Wọ́n ní ó fi ìpẹ́ ẹja hun iṣan ẹ̀jẹ̀. Tó bá yá, á fi egungun ẹja hun ọkọ fún ara ẹ̀."

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Tabitha náà bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí ìdérí fúláàsì náà. Òótọ́ ni Lawrence ń sọ. Omi dídì ló wà nínú fúláàsì, ìgò kan wà láàárín omi dídì náà, iṣan funfun mẹ́ta sì wà nínú ìgò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi bírò, wọ́n sì rọ̀ lọ́wọ́ bí ìfun ẹja tútù. Ẹgbẹ́ èyí tí wọn yóò rán sínú ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ni wọ́n. Èyí tí wọn yóò lò gan-an ti wà ní ọsibítù lókè, nínú àpò tí kòkòrò àìsàn kankan kò lè wọ̀. Ìyá rẹ̀ ló ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n rán ohun tí òun kò rí mọ́ òun lára, ni Tabitha bá kó díẹ̀ wá hàn án. Ní ọ̀la ni wọn yóò jọ padà lọ. Ní ọ̀tunla ni iṣẹ́ abẹ.

Gbogbo ohun tó yẹ kó múnú ẹni dùn ló wà nínú ìrìn àjò náà, ṣùgbọ́n inú Tabitha kò dùn. Ohun kan wà tó ti rí nínú yàrá ìwádìí, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti rí i tí iṣan náà ń làágùn.

* * *

Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé fún ọmọ apẹja. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ènìyàn fi ike nìkan ṣe máa ń lágbára, ṣùgbọ́n tó bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ bí iṣan ìsàlẹ̀ orúnkún, ẹ̀jẹ̀ kì í fẹ́ràn rẹ̀. Á dì sínú rẹ̀, á sì dí i pa. Ara ènìyàn kì í ka ike kún ara rẹ̀. Èyí tí a bá sì fi èròjà ara ohun abẹ̀mí nìkan ṣe, ara á gbà á tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dúró nídìí iṣẹ́. Tabitha wá da òwú méjèèjì pọ̀. Abẹ́rẹ́ méjì ló dojú kọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń yí. Ike yíyọ́ ń jáde láti ẹnu ọ̀kan, èyí tó sè láti inú ìpẹ́ ẹja ń jáde láti ẹnu èkejì, agbára iná mànàmáná á sì fa àwọn méjèèjì ní òwú tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti aláǹtakùn lọ, wọn á máa wé mọ́ irin náà títí yóò fi di ọ̀pá. Tí wọ́n bá fa irin yọ, iṣan ló kù.

Ilé ló ti rí i kọ́. Jọọlá, bàbá rẹ̀ tó ti kú, máa ń lọ́ òwú ọ̀rá pọ̀ mọ́ òwú ẹ̀gbọ̀n kó tó so àwọ̀n. Ọ̀rá ni kì í já, ẹ̀gbọ̀n ni kì í jẹ́ kí kókó yọ̀. Ìgbà tí Jọọlá kú, Rhoda ìyàwó rẹ̀ mú abẹ́rẹ́ àwọ̀n náà, ó sì ń so ó lọ, ohun tó fi rán Tabitha ní ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Rhoda kan náà ló ń kó ìpẹ́ ránṣẹ́. Láti ọdún tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń jókòó ní iwájú ilé, á máa ha ìpẹ́ ẹja tí àwọn obìnrin bá kó dé, á sá a, á kì í sínú àpò, á fi bóòtù rán an sí Igbókòdá. Nígbà tí epo rọ̀bì ya lu omi láti ibi tí iléeṣẹ́ kan ti ń wa epo lókun, ìpẹ́ dúdú. Rhoda kò tìtorí ìyẹn dáwọ́ dúró. Ó ń fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ nínú omi òjò, omi òjò tí wọn kò rí mu tó nígbà yẹn, nítorí ọ̀dá wà, omi tó yí ilé ká sì níyọ̀. Ìka rẹ̀ bó. Tabitha kò mọ̀ títí tó fi wálé, tó sì rí i tí ìyá rẹ̀ ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbé ife.

Àwọn ewúrẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rán iṣan náà sí lọ́rùn kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi dì nínú tiwọn. Tabitha bá fi kún ìpẹ́, ó dín ike kù. Ẹ̀jẹ̀ kò dì mọ́. Àwọn ewúrẹ́ yè, wọ́n ń jẹ̀, wọ́n ń bímọ. Gbogbo ènìyàn ní yàrá ìwádìí pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun ti dín ike kù, ó sì yẹ kí òun tún agbára rẹ̀ yẹ̀ wò dáadáa. Ẹ̀rọ tó ń fún omi sínú iṣan kò ṣe é gbọ́kàn lé nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ó bá mú síríǹjì ńlá kan, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti omi náà, ó ń wo aago tó ń sọ bí omi ṣe ń tì í tó.

Nígbà tí aago náà dé ibi tó yẹ, ó rí i tí ara iṣan náà ń tutù. Omi tín-tìn-tín, bí òógùn iwájú orí. Ó dáwọ́ dúró. Ó ní ibi tí òun so okùn mọ́ ni kò fún. Ó tún un so. Ó tún rí i. Ó tún ní okùn ni. Lẹ́yìn náà ó ń ti omi náà jẹ́jẹ́, tó bá sì ti dé ibi tí aago yẹ kó dé, ó ti gbé ọwọ́ kúrò kí òógùn tó yọ.

Ní àkókò yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ń dúdú.

Dókítà Ajíbóyè, oníṣẹ́ abẹ ní ọsibítù náà, ti yẹ Rhoda wò lóṣù tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mọ́, iṣan tirẹ̀ tí wọn ì bá gbé láti ibòmíràn sì ti bàjẹ́. Ó ní kí wọ́n gé e ní ọrùn ẹsẹ̀, kó má baà gòkè. Tabitha ló bẹ̀ ẹ́. Ó ní iṣan òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yege, kí wọ́n mú sùúrù. Ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbà, nítorí pé gígé ló kù fún obìnrin náà bí wọ́n bá kọ̀. Wọ́n mú sùúrù. Dúdú náà kò mú sùúrù ní tirẹ̀.

* * *

Ilé Rhoda wà lórí òpó igi bí gbogbo ilé ibẹ̀, pákó ni afárá tó so ó mọ́ ti àwọn aládùúgbò. Nígbà tí Tabitha gun òkè dé, ìyá rẹ̀ wà níwájú ilé lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ òsì sórí ìrọ̀rí, ó fi aṣọ bò ó. Àwọ̀n tuntun kan wà lórí itan rẹ̀. Moríkẹ́, obìnrin tó ń gbé ilé kejì sí tiwọn, jókòó tì í, ó ń bá a já òwú.

"Oníṣẹ́ ìpẹ́ dé!" ni Moríkẹ́ wí. "Jẹ́ ká rí i, jẹ́ ká rí i. Ṣé ó ń rùn bí ẹja?"

"Kò rùn, Àǹtí Moríkẹ́."

"Á jẹ́ pé kì í ṣe ìpẹ́ tiwa."

Tabitha kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Òórùn ẹsẹ̀ náà bá a nílẹ̀ níbẹ̀ kó tó gbé orí sókè. Ó ti le ju ti ìgbà tó lọ. Ó ṣí fúláàsì, ó mú ìgò jáde, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Rhoda gbà á. Ó wò ó títí. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà.

"Moríkẹ́, ìpẹ́ mi nìyí o. Ìpẹ́ tí mo fi ọwọ́ mi fọ̀. Ó ń padà bọ̀ wá sínú ẹsẹ̀ mi."

"Ẹ ó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ ìlú Etíkàn ni," ni Moríkẹ́ sọ. "Ẹ ò ní wọkọ̀ mọ́."

Tabitha gba ìgò náà padà. Kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Ó béèrè ìdí tí ìyá rẹ̀ fi ń so àwọ̀n nígbà tó yẹ kó máa sinmi.

"Mo ti ṣèlérí àwọ̀n yìí fún ọkọ Moríkẹ́ kí n tó dùbúlẹ̀. Mi ò fẹ́ lọ sí ọsibítù kí iṣẹ́ oníṣẹ́ wà lọ́rùn mi. Ó ti parí. Ó ku kí Lawrence dà á wò bóyá ó máa já."

Àṣà kan wà láàárín àwọn tó ń so àwọ̀n ládùúgbò náà. Ẹni tó so àwọ̀n kì í fúnra rẹ̀ dà á wò. Kì í gbé e fún ọmọ rẹ̀, kì í gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọn kò bá rẹ́ ló máa ń gbé e fún, kí ìyẹn lọ fi ṣe bó ṣe wù ú. Bí ọkàn onítọ̀hún bá ti ń rọ̀ sí i, á wá ẹlòmíràn. Lawrence àti Rhoda ti ń bára wọn jà láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì Lawrence ti gé àwọ̀n Rhoda, tó sì ní àwọ̀n náà ti jẹrà tẹ́lẹ̀ ni. Rhoda dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà ìjẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúpẹ́ pé Ọlọ́run kò fi òun ṣe awakọ̀ tí kì í wo iwájú. Láti ọjọ́ náà, Lawrence kò mu omi nílé Rhoda mọ́. Láti ọjọ́ náà náà ló sì ti ń bá a da gbogbo àwọ̀n tuntun wò.

Ó dé nírọ̀lẹ́, bí oòrùn ti ń rọlẹ̀, ó gbé ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kékeré wá sábẹ́ afárá.

"Ìyá Tabitha, ẹ ju àkísà yín sílẹ̀!"

"Gbà á. Kó o má fi imú rẹ fà á ya o, imú ẹ gùn."

Ó da àwọ̀n náà yí àwọn òpó èbúté àtijọ́ tí omi òkun ti wó ká, níbi tí ìṣó àti igi fífọ́ pọ̀ sí. Ó fi gbogbo ara fà á. Ó gun orí òpó kan, ó tún un fà láti òkè. Tabitha rí i tí okùn náà ń wọ igi bí ìgbà tí ènìyàn ń fa ẹran aláìgbọràn. Ìyá rẹ̀ kò dijú, kò pariwo. Ó ń wò ó, ó ń mi orí.

"Ẹ wò ó!" ni Lawrence kígbe, ó gbé etí àwọ̀n náà sókè tayọ̀tayọ̀. "Apá òsì! Kókó ti yọ̀! Ẹja tí wọ́n bí lánàá á gba ibí kọjá, á sì tún dúró kí yín!"

Rhoda pàtẹ́wọ́. "O ṣeun, ọ̀tá mi. Gbé e wá kí n tún un so."

Tabitha béèrè ohun tó ti ń rí láti kékeré, tí kò sì béèrè rí. "Màámi, kí ló dé tí ẹ kì í fúnra yín dà á wò?"

Rhoda ti ń tú kókó tó yọ̀. "Ọwọ́ mi mọ ibi tó ti rẹ̀ mí nígbà tí mò ń so ó. Tí mo bá ń fà á, tó bá ku díẹ̀ kí n dé ibẹ̀, ọwọ́ á rọ̀. Èmi gan-an ò ní mọ̀ pé mo rọ ọwọ́. Ọwọ́ Lawrence ò lè rọ̀, torí ó kórìíra mi."

"Mi ò kórìíra yín o," ni Lawrence wí láti inú omi. "Ẹ ò kàn tíì wù mí rí ni."

Moríkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí mú. Tabitha kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọ̀tún, èyí tó fi ń ti síríǹjì. Ó dìde, ó wọlé, ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé fúláàsì náà jáde.

"Ẹ̀gbọ́n Lawrence, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gòkè wá. Ẹ bá mi dán èyí náà wò."

Lawrence wo ìgò, ó wo ojú rẹ̀. "Èyí? Mo ṣebí àwọn dókítà ti dán an wò."

"Èmi ni mo dán an wò."

Rhoda gbé abẹ́rẹ́ àwọ̀n sílẹ̀.

"Kí ni kí n fi dán an wò?" ni Lawrence béèrè. Kò ṣàwàdà mọ́.

Lórí okùn rọ́bà tó ń gbé epo lọ sí ẹ́ńjìnnì bóòtù, bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, èyí tí awakọ̀ máa ń tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀, kí epo lè dé ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ pẹ́ tí Tabitha ti ń rí i, kò sì wá sí i lọ́kàn rí pé bí ọkàn ènìyàn ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Lawrence ní òun ní tuntun kan tí kò tíì kan epo. Ó lọ mú un wá. Tabitha ki ẹnu rẹ̀ kan bọ omi òjò nínú garawa, ó fi òwú àwọ̀n so iṣan náà mọ́ ẹnu kejì, ó sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí òpin rẹ̀ kí omi lè máa sàn jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sàn jáde lọ sí ìka ẹsẹ̀. Ìgbà yìí, ó so okùn náà tó fi fún pin-pin. Kò fẹ́ kí okùn tún gbẹ̀bi.

Lawrence bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Iṣan náà wú, ó sọ̀, ó wú, ó sọ̀. Ó mú omi náà lọ. Moríkẹ́ ní, "Háà, ó ń mí!" Rhoda na ọrùn síwájú, ojú rẹ̀ ń dán. Tabitha náà ń wò ó, ìrètí kan sì gbé orí nínú rẹ̀, ìrètí tó tì í lójú: bóyá okùn ni lóòótọ́.

"Ibo ni wọ́n máa gbé e sí?" ni Lawrence béèrè, kò dáwọ́ títẹ̀ dúró.

"Láti itan, kó gba ẹ̀yìn orúnkún kọjá, dé ojúgun."

"Orúnkún? Ó sì nà gbọnrangandan báyìí? Ṣé Ìyá Tabitha á máa rìn bíi sójà ni? Kò ní jókòó sínú ọkọ̀ mọ́?"

Ó fi ọwọ́ kejì ká iṣan náà, bó ti máa ń ká okùn epo rẹ̀ sábẹ́ ìjókòó, ó sì ń tẹ̀ bọ́ọ̀lù náà lọ. Tabitha ya ẹnu. "Ẹ rọra" ni ó fẹ́ sọ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú orí ara rẹ̀ kó tó bọ́ sẹ́nu, ó sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ti ń sọ fún ọwọ́ ara rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ó pa ẹnu dé.

Àwọn ewúrẹ́ wá sí i lọ́kàn. Ọrùn ni wọ́n rán tiwọn sí. Ọrùn ewúrẹ́ kì í ká bí orúnkún.

Ibi tó ká náà làágùn. Gbogbo wọn rí i. Òógùn náà di ẹ̀kán, ẹ̀kán náà ń bọ́. Lawrence tún un tẹ̀, ojú kan là níbẹ̀, omi náà fò jáde, ó sì ta sí aṣọ tó bo ẹsẹ̀ Rhoda.

Lawrence jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù náà bí ẹni tí nǹkan jó lọ́wọ́. "Mi ò mọ̀ọ́mọ̀," ó ní. "Ọwọ́ mi le jù. Ọkàn ènìyàn kò lè tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀."

Ó fi ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀ fún un, òun tó jẹ́ ọ̀tá. Tabitha ì bá gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ a máa ru, Dókítà Ajíbóyè ti sọ bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀ pé ohun tí òun rí níwájú ilé yìí, òun ti rí i ṣáájú nínú yàrá tó ní fèrèsé gíláàsì.

"Kì í ṣe ọwọ́ yín," ó ní.

Rhoda ká aṣọ tútù náà kúrò lórí ẹsẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn rí ẹsẹ̀ náà bó ṣe rí. Ìka ti gbẹ, dúdú náà ti kọjá ọrùn ẹsẹ̀, ó ti ń gòkè lójúgun.

"Ṣé o ti rí òógùn yẹn rí?" ó béèrè.

"Mo ti rí i, Màámi."

"Ta lo fi hàn?"

"Mi ò fi han ẹnikẹ́ni. Mo ní okùn ni."

Moríkẹ́ dìde, ó ní òun ń lọ wo iná. Kò sí iná tó dá. Lawrence náà wo omi, ṣùgbọ́n kò lọ.

Rhoda kò pariwo. Tabitha ì bá fẹ́ kó pariwo. Ó mú àwọ̀n ọkọ Moríkẹ́ nílẹ̀, ó gbé e síwájú ọmọ rẹ̀.

"Èyí tí wọ́n fẹ́ fi pa ẹja lásán, mo gbé e fún ọ̀tá mi kó bà á jẹ́. Èyí tí wọ́n fẹ́ rán mọ́ mi lára, o tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Kí ni mo ṣe fún ọ, Tabitha?"

"Mo fẹ́ kó yege ni. Mo fẹ́ kí ẹsẹ̀ yín..."

"Mo mọ̀ pé o fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ń béèrè ohun tí mo ṣe fún ọ."

Tabitha wólẹ̀ sórí pákó tútù náà, ó di eékún ọ̀tún ìyá rẹ̀ mú, ó sunkún. Ó pẹ́ kí ọwọ́ Rhoda tó dé orí rẹ̀, nígbà tó sì dé, kò rọ̀ lórí rẹ̀. Ó kàn wà níbẹ̀.

"Lọ pe dókítà rẹ," ni Rhoda wí. "Kí ilẹ̀ tó ṣú."

* * *

Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni fóònù ti ń wọlé. Tabitha dúró lórí àtẹ̀gùn, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Dókítà Ajíbóyè, kò fi ọ̀kan pamọ́.

"Ṣé o mọ ohun tó kù fún wa?" ni dókítà béèrè.

"Mo mọ̀, sà."

"Lóṣù tó kọjá, ọrùn ẹsẹ̀ ni ǹ bá ti gé e. Ní báyìí, ìsàlẹ̀ orúnkún ni, tí ó bá ṣe é ṣe. Tí kò bá ṣe é ṣe, òkè rẹ̀."

"Mo mọ̀, sà."

"Ọpẹ́lọpẹ́ pé o sọ ọ́ kí n tó la ẹsẹ̀ náà. Tó bá bẹ́ sínú ara rẹ̀, à bá má rí i gbà padà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó o ti sọ ọ́ tipẹ́, Tabitha."

Ní òwúrọ̀, Lawrence ló gbé Rhoda láti orí afárá sínú bóòtù. Ó gbé e bí ẹni gbé ọmọ, ó sì ń kùn pé ó wúwo, pé ẹja tí kò jẹ́ kí àwọn yòókù jẹ ló jẹ́ kó wúwo. Rhoda ní kó wo iwájú rẹ̀. Wọ́n gba ojú omi tó ń dán bí ẹ̀yìn ìkòkò nítorí epo. Iná gáàsì àwọn tó ń wa epo ń jó lápá òkun. Rhoda ní kí wọ́n tú aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ òun. Ó ká eékún òsì náà díẹ̀, pẹ̀lú ìrora, bí ènìyàn ṣe ń jókòó nínú ọkọ̀, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dé Igbókòdá. Tabitha jókòó síwájú rẹ̀ láìsí fúláàsì lórí itan. Kò sí nǹkan kan tó lè fi ọwọ́ rẹ̀ di mú.

Wọ́n gé e ní òkè orúnkún.

* * *

Ọjọ́ gorí ọjọ́, òjò dé, ó kọjá. Tabitha ti fi ike kún òwú náà, kì í ṣe nípa dídín ìpẹ́ kù, ó fi òwú ike mìíràn tó ń fà bí rọ́bà wé e lóde, kó lè ká láìlà. Ewúrẹ́ tuntun ni wọ́n fẹ́ rán an sí, ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́tẹ̀ yìí. Ẹlòmíràn ni wọ́n gbé iṣẹ́ àyẹ̀wò rẹ̀ fún. Ẹni náà kò fẹ́ràn Tabitha, Tabitha ló sì yàn án.

Àmọ́ kó tó gbé e fún ẹni náà, ó gbé méjì wá sílé. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Rhoda wà lórí àpótí rẹ̀ níwájú ilé, aṣọ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lápá òsì. Ìpẹ́ wà nínú ọpọ́n níwájú rẹ̀. Kò dáwọ́ ìpẹ́ híha dúró. Tabitha kò béèrè ìdí rẹ̀, ìyá rẹ̀ náà kò sì sọ. Àpò tó ń dé Igbókòdá ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn kò bá ọ̀rọ̀ kankan dé.

Lawrence gòkè wá pẹ̀lú bọ́ọ̀lù rọ́bà rẹ̀. Ó ti ń mu omi nílé Rhoda báyìí, èyí sì ń kọ Rhoda lóminú.

"Bóyá ká wá ẹlòmíràn," ni Rhoda wí, ó ń wò ó. "Ojú rẹ ti ń rọ̀ sí mi."

"Ta ló sọ fún yín? Ẹ fẹ́ kí n tì yín sómi ni?"

"Ó dáa. Tẹ̀ ẹ́ nígbà náà. Ká a dáadáa. Má ṣàánú rẹ̀."

Lawrence ká iṣan náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Bí omi òjò ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá, iṣan náà ń wú, ó ń sọ̀, ó ń wú. Tabitha fẹ́ gbé ojú sí ibòmíràn, sórí omi, sórí afárá, sórí ohunkóhun tí kì í ṣe aṣọ pẹrẹsẹ yẹn àti ibi tí iṣan náà ti ká.

"Wò ó," ni ìyá rẹ̀ wí fún un. "Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Má gbójú kúrò."

Tabitha tẹ ojú mọ́ ibi tó ká náà, Lawrence sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ.